Áàpù Ìṣirò Wo Ló Yẹ Ọmọ Yín? Ìfiwéra fún Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ohun kan náà làwọn òbí máa ń bi àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn ní Àkúrẹ́ yìí: "Ẹ jọ̀ọ́ tísà, áàpù ìṣirò wo ni ká fi sórí fóònù ọmọ yìí?" Ìbéèrè gidi ni, torí áàpù pọ̀ lọ súà, wọn kò sì jọra. Ọ̀kan á ya àwòrán ìbéèrè, á sì tú u. Òmíràn ń ya gíráàfù. Òmíràn ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ bí olùkọ́, òmíràn sì wà tó kàn kó fọ́múlà jọ. Ní tèmi o, kò yẹ ká máa fi "èwo ló mọ ìṣirò jù" yàn wọ́n, torí gbogbo àwọn tó lórúkọ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ ká wò ni bóyá ìdáhùn tí áàpù mú wá bá ohun tí ìdánwò tiwa ń béèrè mu, àti bóyá ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà tán nígbà tí fóònù kò bá sí nítòsí.

Ohun tí ìdánwò fẹ́

Ìwé kejì Ìṣirò ti WAEC gba wákàtí méjì àbọ̀, máàkì 100 ló sì wà níbẹ̀. Nínú ìbéèrè 13, mẹ́wàá ni ọmọ máa dáhùn: márùn-ún tó pọn dandan ní apá kìíní fún máàkì 40, àti márùn-ún tó bá yàn nínú mẹ́jọ ní apá kejì fún 60. Wọ́n ní kí ọmọ fi gbogbo iṣẹ́ tó ṣe hàn pẹ̀lú ìdáhùn. Máàkì wà fún ọ̀nà, ó wà fún ìdáhùn. Ẹni tó kàn kọ ìdáhùn sílẹ̀ láì fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ hàn ti fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún WAEC. Ìwé kìíní tó ní ìbéèrè 50, àti JAMB tó ní 40 nínú Ìṣirò, kò bi ọmọ léèrè ọ̀nà. Kó yára, kó sì mú èyí tó tọ̀nà ni tiwọn. Nínú méjèèjì, fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. JAMB ní kalikulétọ̀ tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, WAEC sì gbà kí ọmọ lo kalikulétọ̀ kékeré tí kì í pariwo.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Photomath tàbí Wolfram Alpha?

Photomath jáde lọ́dún 2014 láti orílẹ̀-èdè Croatia, Google ló sì ni ín báyìí. Ẹ na kámẹ́rà fóònù sí ìbéèrè, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé tàbí èyí tí ọmọ fi báírò kọ, á kà á, á sì tú u ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wolfram Alpha dàgbà jù ú lọ. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ Stephen Wolfram gbé e síta, orí Mathematica, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣe láti 1988, ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Títẹ̀ ni ẹ máa tẹ ìbéèrè sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀: calculus, matrix, dída nọ́ńbà láti ìpìlẹ̀ kan sí òmíràn, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe.

Fún ọmọ SS, Photomath ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ìgbésẹ̀ tó ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ algebra. Wolfram Alpha á fún yín ní ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ìgbésẹ̀, owó ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ká a. Nǹkan míì tí mo fẹ́ràn lára Photomath ni pé ó sábà máa ń fi ju ọ̀nà kan lọ hàn. Ẹ mú x² + 6x − 7 = 0. Bí WAEC bá ní kí ọmọ fi completing the square ṣe é, ẹni tó fi fọ́múlà ṣe é pàdánù máàkì, bí ìdáhùn rẹ̀ tiẹ̀ tọ̀nà. Nínú Photomath, ọmọ lè wá ọ̀nà yẹn gan-an: á rí bí x² + 6x + 9 = 16 ṣe di (x + 3)² = 16, tí x + 3 á fi jẹ́ 4 tàbí −4, tí x á fi jẹ́ 1 tàbí −7. Ohun tó yẹ kó kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó bá tẹ́wọ́ gba ọ̀nà àkọ́kọ́ tí áàpù gbé síwájú rẹ̀ lè má dé ibẹ̀ láé.

Ibi tí Photomath ti ń ṣì ni ìwé kíkà. Ọmọ tó ń kọ 1 rẹ̀ bíi 7, tó ń kọ z bíi 2, tàbí tí 2 orí x² rẹ̀ wọlẹ̀ jù, á kó áàpù lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ó ka x² wa yẹn sí 2x. Ìbéèrè á wá di 2x + 6x − 7 = 0, ìdáhùn á jẹ́ 7/8, gbogbo ìgbésẹ̀ á dán gbinrin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kan iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo ìlà àkọ́kọ́ lójú fóònù ná, kí wọ́n fi wé ìwé wọn, kí wọ́n tó wo ohunkóhun nísàlẹ̀. Wolfram Alpha kò ní wàhálà ìwé kíkà yẹn bí ẹ bá tẹ ìbéèrè fúnra yín. Ó ní tirẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìdáhùn tó péye tó máa gba òdo

Ibí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí àti olùkọ́ dúró sí dáadáa, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Ẹ tẹ log 100 sínú Desmos, áàpù gíráàfù tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, 2 ló máa gbé wá bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Ẹ tẹ ohun kan náà sínú Wolfram Alpha, nǹkan bíi 4.605 ló máa jáde. Kò ṣì. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò, log tí kò ní nọ́ńbà lẹ́sẹ̀ ni èyí tí àwa ń kọ ní ln, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe 10 bí kò ṣe e, ìyẹn nǹkan bíi 2.718. Ó tiẹ̀ máa ń sọ níbẹ̀ pé bí òun ṣe gbà á nìyẹn, á sì fún yín láàyè láti yí i sí ìpìlẹ̀ 10, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kánjú kì í ka ìlà kékeré yẹn. Ní WAEC, log lásán, ìpìlẹ̀ 10 ni.

Desmos náà ní tirẹ̀. Sin 30 tí gbogbo ọmọ SS2 mọ̀ sí 0.5, Desmos lè gbé −0.988 wá, torí rédíánì, ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà wọn igun, ló máa ń lò àyàfi bí ẹ bá yí i sí dígírì. Ẹ wá àmì sípánà lójú rẹ̀, ẹ tẹ dígírì níbẹ̀, ó parí. Ọjọ́ tí ẹ bá fi áàpù náà sórí fóònù ni kí ẹ ti ṣe é.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni standard deviation, ìyẹn ìwọ̀n bí àwọn nọ́ńbà ṣe jìnnà sí àárín wọn tó. Ọmọbìnrin SS2 kan mú jótà rẹ̀ wá bá mi ní lẹ́sìn, ó ti fi kílínà pa iṣẹ́ kan rẹ́ títí tí ìwé fẹ́ ya. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ni 2, 4, 4, 4, 5, 5, 7, 9. Ó ti rí àárín wọn, 5. Ó ti yọ ọ́ kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti sọ wọ́n di square, ó ti rò wọ́n pọ̀ sí 32, ó fi 8 pín in, ó mú gbòǹgbò rẹ̀, ó rí 2. Fóònù wá sọ fún un pé 2.138. Ọmọ gbà pé òun ni kò mọ̀ ọ́n, ó sì pa iṣẹ́ tó tọ̀nà rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù fi 7 pín 32, kò fi 8 pín in. Ọ̀nà méjì ló wà: bí nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ gbogbo ohun tí à ń wò, iye wọn la ó fi pín, bí wọ́n bá jẹ́ díẹ̀ tí a mú láti inú púpọ̀, a ó yọ 1 kúrò lára iye wọn ká tó pín. Ìwé tiwa ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń lo ti àkọ́kọ́. Wolfram Alpha ń lo èkejì bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Nínú Desmos, stdev ń ṣe èkejì, stdevp sì ń ṣe ti WAEC. Lẹ́tà p kan péré ló wà láàárín wọn. Ọmọ tí kò mọ èyí á máa rò pé òun kò mọ ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni π. Ìwé ìdánwò á ní kí ọmọ mú π sí 22/7. Odò ẹja tó rí róbótó, tí láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 21, fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 1386 ní 22/7. Áàpù tó lo π gidi á sọ pé 1385.44. Méjèèjì dáa, ọ̀kan ló wà nínú ohun tí olùmáàkì mú lọ́wọ́. Bí ẹ bá tẹ 8 ÷ 2(2 + 2), kalikulétọ̀ kan á ní 16, òmíràn á ní 1, torí wọn kò gbà fún ara wọn bóyá 2 tó lẹ̀ mọ́ àkámọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ kọ́ ọmọ kó fi àkámọ́ rẹ̀ pé, kó má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti yàn fún un.

Gíráàfù: Desmos àti GeoGebra

Kò sí ìjà láàárín àwọn méjì yìí, ẹ fi méjèèjì sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, bí wọ́n bá sì ti wọ fóònù tán, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ní ìlú tí dátà ti wọ́n báyìí, ìyẹn nìkan ti tó ká fẹ́ràn wọn.

Desmos tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 ló rọrùn jù. Ẹ tẹ y = x² − 2x − 3, ìlà náà á yọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìlà náà, á fi hàn yín pé ó ré ìlà x tó dùbúlẹ̀ kọjá ní −1 àti 3, ibi tó sì rẹlẹ̀ jù ni (1, −4). Bí mo ṣe ń lò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tébù tiwọn láti −2 dé 4, kí wọ́n rí 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5, kí wọ́n yà á sórí ìwé gíráàfù pẹ̀lú pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí Desmos. Bí àmì kan bá yà kúrò lójú ọ̀nà lórí ìwé wọn, ojú wọn á rí i kíákíá. Ọmọ tó bá ṣí Desmos kó tó ya tirẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan, torí bí a ṣe ń yan sikélì àti bí a ṣe ń fa ìlà kó má ṣe ní igun wà lára ohun tí WAEC ń fún ní máàkì, Desmos kò sì lè bá a ṣe ìyẹn.

GeoGebra jinlẹ̀ jù ú lọ. Markus Hohenwarter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Salzburg ní Austria lọ́dún 2001. Ibi tó ti gba ipò iwájú ni àwòrán: circle theorem, pínpín igun sí méjì, pínpín ìlà sí méjì, locus. Kọ́ńpáàsì wà nínú rẹ̀, rúlà wà nínú rẹ̀. Mo lè ya róbótó kan, kí n fa ìlà kan (chord) la inú rẹ̀ kọjá, kí n fi igun tó dúró lórí ìlà náà sí etí rẹ̀, kí n wá máa fi ìka fa igun náà kiri etí róbótó ní apá kan ìlà yẹn. Ọmọ á rí i pé igun náà kò yí padà. Mo ti ṣàlàyé ìyẹn lórí bọ́ọ̀dù títí, àwọn kan kò gbà á gbọ́ títí wọ́n fi fọwọ́ ara wọn fà á. Bí ọmọ yín bá ń sá fún geometry, GeoGebra ni kí ẹ mú. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ni lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù.

Khan Academy àti àwọn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀

Khan Academy jẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, Salman Khan ló dá a sílẹ̀ ní 2008, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń kọ́ni, ó ń fún ọmọ ní iṣẹ́ ṣe, ó ń sọ fún un bó bá tọ̀nà. Ọmọ tí kò mọ ìdá tàbí factorisation láti JSS, níbẹ̀ ló yẹ kó lọ. Kò sí áàpù ayàwòrán tó lè tún ìpìlẹ̀ yẹn ṣe. Àléébù rẹ̀ fún wa ni pé kíláàsì Amẹ́ríkà ló fi tò ó, kò sí SS1 níbẹ̀. Orúkọ àkòrí lẹ máa fi wá a. Fídíò rẹ̀ sì ń jẹ dátà.

ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbòde láti ìparí 2022 wúlò níbi tí àwọn tó kù kò lè dé: ìbéèrè ọlọ́rọ̀. Bearing, PAYE (owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù), hire purchase, òǹtajà tó ra ìrẹsì àpò mélòó kan tó sì tà á ní èrè ìdá mélòó kan. Photomath á máa wojú yín níbẹ̀ nígbà míì. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ tún lè ní kó ṣàlàyé lọ́nà míì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa hun. Bí kò bá lo ẹ̀rọ ìṣirò lẹ́yìn, ó lè rò nọ́ńbà pọ̀ ní àṣìṣe kó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dájú. Àwọn tuntun ti dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n ṣì ní ìwà kan tí mi ò fẹ́: bí ọmọ bá sọ fún un pé "kò rí bẹ́ẹ̀", ó lè tọrọ àforíjì kó sì yí ìdáhùn tó tọ̀nà padà sí èyí tí kò tọ̀nà.

Ẹ wo longitude àti latitude. Ìlú méjì wà lórí 60° àríwá, ìwọ̀n 36 ló wà láàárín longitude wọn. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó lórí ìlà latitude yẹn? WAEC á ní kí ọmọ mú R sí 6400 km àti π sí 22/7. Ó máa jẹ́ 36/360 × 2 × 22/7 × 6400 × cos 60°, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2011 km. Bí ọmọ kò bá kọ R àti π sínú ìbéèrè rẹ̀, ẹ̀rọ lè lo 6371 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, á sì gbé nǹkan bíi 2002 km wá. Kílómítà mẹ́sàn-án ti sọ nù torí ìlà kan tí ọmọ kò dà kọ. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n da gbogbo ìbéèrè kọ látòkè délẹ̀, títí kan "correct to 3 significant figures" tó wà nísàlẹ̀.

Áàpù fọ́múlà àti áàpù ìbéèrè àtẹ̀yìnwá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Áàpù fọ́múlà tí kò sọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Fún kóònù tí r rẹ̀ jẹ́ 3, tó ga ní 4, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5, ara tó tẹ̀ jẹ́ πrl, ìyẹn 15π. Ọmọ tó fi gíga sí ipò l á rí 12π, tó ṣe kòńgẹ́ pẹ̀lú volume rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣì. Ti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ mú èyí tó kọ ọdún ìdánwò tó sì fi iṣẹ́ hàn. Èyí tó kàn kọ "Ìdáhùn: C" lásán, èèyàn ló tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ èèyàn sì ń ṣì tẹ nǹkan.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ọmọ JSS sí SS1: Khan Academy fún ìpìlẹ̀, ká sì fi GeoGebra sí i. Ẹ má tíì fún un ní Photomath.

SS2 àti SS3: Desmos, GeoGebra, Photomath, ní ìtò yẹn. Kí Photomath máa ṣí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti wà nínú jótà. Ìyá kan ní Ìjàpọ̀ máa ń mú fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ títí á fi rí iṣẹ́ lórí ìwé. Mo fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ fóònù kan ni ilé ń pín lò, tí iná kò sì dúró, Desmos àti GeoGebra nìkan ti tó, pẹ̀lú four-figure table àti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń tà ní àgbègbè Ọjà Ọba.

Ẹni tó ń múra JAMB: áàpù ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó ń ka àkókò, kó sì máa lo kalikulétọ̀ inú rẹ̀ dípò tọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ti wọ FUTA tàbí yunifásítì míì, tó pàdé calculus ní 100 level: Wolfram Alpha wá di ọ̀rẹ́ yín báyìí. Ẹ máa fi í wo ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ìgbésẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá tẹ (−8)^(1/3), 1 + 1.732i ló máa kọ́kọ́ gbé wá. Ẹ yàn pé nọ́ńbà gidi lẹ fẹ́, á fún yín ní −2.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Adéyẹmí ní Oǹdó, GeoGebra ni tiyín jù lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó jáde lọ ṣe teaching practice. Fóònù kan tí ẹ gbé sókè níwájú kíláàsì, pẹ̀lú igun tó ń rìn ní etí róbótó, á jẹ́ kí ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá dìde wá wò ó.